Oúnjẹ Ọmọ Ọlọ́mọ Kì í Ṣe Ìran Wíwò

Nígbà tí akọ̀wé wa gbọ́ pé a ti orílẹ̀-èdè Láósì dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé kí a kó àwòrán tí a yà wá sí ìpàdé ìparí ọdún, kí gbogbo ilé lè bá wa rí ohun tí a rí. A mọ̀ pé inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n a kò ní kó wọn wá. Àwọn kan ti ń sọ pé ahun ni wá, àwọn mìíràn ní ìgbéraga ló dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn wa yìí, kí ẹni tó bá fẹ́ bá wa jà lè mọ ohun tí ó ń jà lé lórí.

Luang Prabang ni orúkọ ìlú tí a lọ. Ó wà ní àríwá Láósì, níbi tí odò Nam Khan ti ń ṣàn wọ inú odò ńlá Mekong, tó fi jẹ́ pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí àárín ìlú náà ká tán. Ìlú ọba ni. Láti ìgbà tí Fa Ngum ti dá ìjọba Lan Xang sílẹ̀ ní 1353 ni ó ti jẹ́ olú ìlú, títí di nǹkan bí 1560 tí Ọba Setthathirath gbé ìjọba lọ sí Vientiane. Ọba kan náà yìí ló kọ́ tẹ́ḿpìlì Wat Xieng Thong sí etí odò ní àkókò yẹn, pẹ̀lú òrùlé tó sọ̀ kalẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ tó ràdọ̀ bo ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn jagunjagun kó ìlú náà ní 1887, tẹ́ḿpìlì yìí wà lára ìwọ̀nba tí ó yè. Ní 1995, àjọ UNESCO kọ orúkọ ìlú náà sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ àlejò kò ti dá níbẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n àti Ṣáínà jọ kọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ló gbé wa láti Vientiane. Ìrìn tí ọkọ̀ ilẹ̀ ń fi odindi ọjọ́ kan rìn láàárín òkè, bíi wákàtí méjì ni ọkọ̀ ojú irin fi rìn ín.

Ní òwúrọ̀ níbẹ̀, kí oòrùn tó yọ, àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó fi ara wọn jìn fún ẹ̀sìn Búdà, máa ń jáde láti inú tẹ́ḿpìlì wọn. Wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn, àgbà níwájú, ọmọdé lẹ́yìn, láìwọ bàtà, pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ọsàn lára wọn, tí wọ́n gbé abọ́ ńlá onídèérí kọ́ èjìká. Tak bat ni wọ́n ń pe ètò náà. Àwọn ará àdúgbò á ti bọ́ bàtà sílẹ̀, wọ́n á ti kúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Agbọ̀n kékeré tí wọ́n fi ọparun hun á wà níwájú wọn, ìrẹsì gbígbóná tó máa ń lẹ̀ mọ́ra á sì wà nínú rẹ̀. Bí mọ́ńkì kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan sínú abọ́ rẹ̀. Mọ́ńkì kì í dúpẹ́, nítorí lójú wọn ẹni tó fúnni ni a ṣe lóore. Òun ló gba láádá, bí àwọn Mùsùlùmí ilé wa ṣe gbà pé ẹni tó ṣe sàárà ló ni èrè rẹ̀. Oúnjẹ yìí ni àwọn mọ́ńkì ń jẹ, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹun mọ́ lẹ́yìn ọ̀sán gangan. Wọ́n tún máa ń bù nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà tó gbé agbọ̀n tiwọn kúnlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà.

Ohun tí ó yẹ kí a rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, ẹni tó ń mú wa kiri ti ra agbọ̀n ìrẹsì mẹ́rin dè wá, ó sì ti tẹ́ ẹní fún wa sí ẹ̀bá ọ̀nà. Oṣù kìíní ni, òtútù ń mú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ akérò mẹ́ta ti já èrò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí ìlà àwọn mọ́ńkì ti yọ ní kọ̀rọ̀ báyìí, gbogbo èrò dìde. Iná kámẹ́rà ń kọ mànà. Ọkùnrin kan bọ́ síwájú àwọn ọmọ náà, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń ya ojú wọn. Obìnrin kan na ọ̀pá fóònù rẹ̀ sáàárín ìlà. Àwa ńkọ́? Àwa náà ya tiwa. Nígbà tí a padà sí yàrá, mọ́kànlélógójì ni a kà nínú fóònù. Nínú méjìlá lára wọn ni ojú ọmọ kan ti hàn, ọmọ tí kò lè ju ọdún mọ́kànlá lọ, tó gbé ojú sá fún iná.

Ní òdìkejì ọ̀nà, màmá àgbà kan kúnlẹ̀ sórí ẹní tiwọn. Èrò ti dí wọn mọ́. Mọ́ńkì mẹ́ta ti kọjá kí wọ́n tó rí àyè na ọwọ́. Wọn kò pariwo, wọn kò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n kàn gbé agbọ̀n wọn, wọ́n ká ẹní, wọ́n sún sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà, wọ́n tún kúnlẹ̀. Ìlú wọn ni o. Ojú ọ̀nà ilé wọn ni.

Nígbà tí a ń jẹun àárọ̀, àbíkẹ́yìn wa béèrè bóyá àwọn ọmọ aláṣọ ọsàn yẹn ń lọ sí ilé-ìwé. A bi ẹni tó ń mú wa kiri. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ tálákà láti abúlé tó jìnnà, tí àwọn òbí wọn rán wá sí tẹ́ḿpìlì kí wọ́n lè kàwé, nítorí apá wọn kò ká a nílé. Ọmọ wa ronú díẹ̀, ó wá ní, “Ta ló wá bá wọn fọwọ́ sí ìwé fọ́tò?”

Gbogbo òbí tó bá ń ka ìwé yìí ní ìlú òyìnbó mọ ìwé tí ó ń sọ. Ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ní London kì í ya àwòrán wọn láì jẹ́ pé a ti fọwọ́ sí i. Bí àlejò kan bá wọ ilé ìjẹun ilé-ìwé náà lọ, tí ó ń tan iná sójú ọmọ wa tó ń gba oúnjẹ, ṣé a ó ní ẹwà àṣà ló ń wò? Ọlọ́pàá ni a ó pè. Ohun tí a kò ní gbà fún ọmọ tiwa ni a lọ ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ, a sì sanwó ọkọ̀ òfuurufú kí a tó lè ṣe é.

Àwọn kan á sọ pé ìwà òyìnbó nìyẹn, pé kò kan aláwọ̀ dúdú. Àwa náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. A rò pé nítorí wọ́n ti fi àwọn baba ńlá wa ṣe ìran wò rí, nítorí Faransé jọba lé àwọn ará Láósì lórí láti 1893 di 1953 bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe jọba lé wa lórí, a yàtọ̀ sí àwọn tó kù lójú ọ̀nà yẹn. Irọ́ ni. Ọmọ tí iná kámẹ́rà bà lójú kò mọ àwọ̀ ọwọ́ tó mú un. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yẹn kò ní àfi àlejò tó bá jẹ́ Yorùbá.

Ìtàn kan wà tó yẹ kó ti gbogbo wa lójú. Nígbà tí ẹgbẹ́ kọ́múnísì gba ìjọba Láósì ní 1975, wọ́n mú ọba kúrò lórí ìtẹ́. Lójú tiwọn, kò tọ́ kí ọkùnrin tó lágbára máa jẹ oúnjẹ tí kò gbìn. Ní 1976 wọ́n ka fífún mọ́ńkì lóúnjẹ léèwọ̀. Inú àwọn ará ìlú kò dùn sí i rárá, wọ́n sì jẹ́ kí ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti yí ohùn padà, àwọn èèyàn tún ń bu ìrẹsì wọn sínú abọ́. Ìjọba tó ní ìbọn lọ́wọ́ kò rí àṣà yìí pa. Ohun tí àwa ń bẹ̀rù ni pé ohun tí òfin kò rí pa, owó àlejò lè pa á wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ẹni tó gbé ọ̀pá sókè.

Báwo ni owó ṣe lè pa á? Iṣẹ́ ìṣirò owó ni a fi ń jẹun, yunifásítì òkè òkun la sì ti kọ́ ọ. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé owó, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni. Luang Prabang ló fi ibi tí ẹ̀kọ́ náà kù sí hàn wá. Tẹ́ḿpìlì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní àdúgbò tirẹ̀, àdúgbò náà ló sì ń bọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ìlú náà di ìlú àlejò, ọ̀pọ̀ ìdílé àtijọ́ ní àárín ìlú fi ilé wọn háyà fún àwọn tó ń ṣe òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ, wọ́n sì kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú. A kò bá wọn wí. Ta ni nínú wa tí kò ní gba irú owó bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ bá wa fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní ọgbọ̀n ilé ló yí tẹ́ḿpìlì kan ká, tí mọ́ńkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì wà nínú rẹ̀. Ilé méjì ló ń bọ́ mọ́ńkì kan. Bí ogún ilé bá di òtẹ́ẹ̀lì, ilé mẹ́wàá péré ló kù tí yóò máa bọ́ àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà. Ẹrù tó wà lórí ilé kọ̀ọ̀kan ti di ìlọ́po mẹ́ta. Nínú ìwé owó, kí ni ẹ ó rí? Èrè ni: owó háyà ogún ilé. Ìrẹsì tó dáwọ́ dúró kò ní ojú ìlà kankan nínú ìwé, nítorí kò sí ẹni tó gba rìsíìtì rẹ̀ rí. Oníṣirò tó gbówọ́ lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, kó má sì mọ̀ pé ilé náà ń wó.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: bí kò bá sí ènìyàn, kò sí imalẹ̀. Ògiri lè dúró, góòlù lè máa dán lára rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì lè wà nínú ìwé UNESCO. Ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tó jí kọ́ ìrẹsì fún àwọn inú rẹ̀ mọ́, ilé ìtajà ni.

A mọ èsì tí wọn yóò fọ̀ fún wa. Wọ́n á ní bí kì í bá ṣe owó àlejò, òrùlé mìíràn ì bá ti wó lulẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ọ̀dọ́ rí iṣẹ́ ṣe. Wọ́n á ní kíkọ tí UNESCO kọ orúkọ ìlú náà sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n fi ilé gíga olókùúta ba etí odò jẹ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, a kò ní sẹ́ ẹ. Àwa náà sùn ní òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, a sì jẹ ẹja odò Mekong tó dùn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, Láósì ti ẹnubodè rẹ̀, kò sì ṣí i padà pátápátá fún àlejò títí di oṣù karùn-ún ọdún 2022. Fún ọdún méjì, ọkọ̀ akérò àwọn oníkámẹ́rà kò wá. Ebi kò ṣíwọ́ pípa mọ́ńkì fún ọdún méjì náà. Ta ló bọ́ wọn? Àwa kọ́. Kò sí ẹni tó ti London fi ìrẹsì ránṣẹ́. Owó àlejò lè tún òrùlé ṣe, ṣùgbọ́n kì í jí ní aago mẹ́rin òru láti dáná.

Àwọn mìíràn á ní, “Ṣebí ẹ̀yin náà fún wọn ní ìrẹsì?” A fún wọn lóòótọ́. Ìrẹsì tí a kò sè, tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀, tí a kò mọ ìgbà tí ó ti jinná. A jókòó sí ibi tí onílé yẹ kó kúnlẹ̀ sí, ọwọ́ kan wà nínú agbọ̀n, ọwọ́ kejì mú fóònù. A kò gba ẹ̀sìn Búdà gbọ́, ebi àwọn ọmọ náà kò sì jẹ wá lógún kí a tó dé, kò jẹ wá lógún lẹ́yìn tí a tẹ́ ẹní wa kúrò. Fọ́tò ni a fi ìrẹsì rà. Kò sí láádá nínú ọjà. Ìwé tí wọ́n kọ fún àlejò wà lára ògiri níbẹ̀: ẹ dúró lókèèrè, ẹ má tan iná kámẹ́rà, ẹ wọ aṣọ tó bo ara, ẹ má bá wọn fúnni bí kò bá ti ọkàn yín wá. Ọjọ́ kejì ni a tó rí i kà. Ó ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Kí ló wá kan ẹgbẹ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Láósì? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2005, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn Luang Prabang, UNESCO kọ Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sínú ìwé kan náà. Òun náà wà létí odò. Ó ti ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tí a ti gbọ́ nínú ìpàdé wa níbí pé kí àwọn ará ilé tún ọdún Ọ̀ṣun ṣe kó wu àlejò, kí wọ́n tò àga síwájú, kí wọ́n fi àkókò sí i bíi ti tíátà. Ẹ lọ wò ó ní oṣù kẹjọ tí Arugbá bá gbé igbá jáde. Ọmọbìnrin tó ru ẹrù ẹbọ gbogbo ìlú, tí kò gbọdọ̀ kọsẹ̀, ẹ wo iye fóònù tó wà lókè orí rẹ̀. Àwa tí a ti òkè òkun dé ni a sábà máa ń wà níwájú jù, nítorí tiwa ló ní kámẹ́rà tó dára jù. Nígbà tí a bá ti padà wọ bàálù, ta ló ń bọ Ọ̀ṣun lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀? Ta ló ń ra ohun ìrúbọ? Ẹni tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí nínú wa lè ní òun kò bọ Ọ̀ṣun. Kò burú. Ẹni tí kì í bọ ọ́ kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí yóò dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń bọ ọ́.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí Luang Prabang, kó lọ. Ìlú tó dára ni, àwọn èèyàn rẹ̀ sì níwà pẹ̀lẹ́. Kó wá ilé tí onílé ṣì ń gbé nínú rẹ̀ sùn sí. Kó fi fóònù sílẹ̀ ní yàrá láàárọ̀. Kó má ra ìrẹsì lójú ọ̀nà. Bí ó bá fẹ́ ran tẹ́ḿpìlì lọ́wọ́, kó lọ ní ọ̀sán, kó fi owó sínú àpótí, kó má sì ya àpótí náà. Ní ti ilé tiwa, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yé béèrè ohun tí àwọn ará ilé lè ṣe fún ojú wa. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tó ń ná wọn láti máa ṣe é, kí a sì dá nínú rẹ̀, láìsí pátákó tí a kọ orúkọ wa sí. Ẹni tí kò bá lè dá nínú ìnáwó, kó dúró lẹ́yìn, kó wòran pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún jí. A dúró ní òdìkejì ọ̀nà, lábẹ́ igi, lọ́wọ́ òfìfo. Màmá àná ti wà níbẹ̀. Èrò tún pọ̀, iná tún ń kọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí wọ́n ti kúnlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn oníkámẹ́rà kò dé. Ọmọ tó gbé ojú sá fún iná wà nínú ìlà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ṣí abọ́ rẹ̀, wọ́n bu ìrẹsì sí i, ó pa á dé, ó sì kọjá lọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀.

Akọ̀wé wa ọ̀wọ́n, ẹ má bínú sí wa. Àwòrán mọ́kànlélógójì náà, a ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́, a ó wá fi ẹnu sọ ohun tí a rí lẹ́yìn tí a bá jẹun tán ní ìpàdé, àwọn ọmọ wa yóò sì sọ tiwọn ní Yorùbá, bí ó tilẹ̀ ń kọsẹ̀ lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá rò pé a ṣìṣe, ìwé ìròyìn yìí kan náà ni kí ó fi dá wa lóhùn. A ó kà á.